Stírípù áńtíbọ́dì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Èkó: kí ni èsì rẹ̀ ń sọ gan-an?

Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbóná l'Ékòó, tó wọ láàbù àdúgbò kan ní Mushin tàbí Agúdà, kì í pẹ́ tó fi máa gba ìwé èsì tó kà báyìí: màlẹ́ríà ++, Widal 1/160. Ó di pé ó ní ibà, ó tún ní tàífọ́ọ̀dì lọ́jọ́ kan náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fa omi sí i lára, wọ́n ti kọ síprò mọ́ òògùn ibà fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba irú ìwé yẹn, tí a sì ti sanwó òògùn rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn ni pé Widal kì í wá kòkòrò tàífọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀. Áńtíbọ́dì ló ń wá, ìyẹn ohun tí ara ṣe láti fi bá kòkòrò jà, yálà lọ́sẹ̀ yìí ni o tàbí lọ́dún tó kọjá. Láti ọdún 1896 ni àyẹ̀wò náà ti wà. Nílùú tí tàífọ́ọ̀dì ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lè ní áńtíbọ́dì tó tó 1/80 tàbí 1/160 nínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì máa bá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, láàbù tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí kòkòrò hù jáde nínú rẹ̀ ló yẹ kó lọ. Ìyẹn ń gba ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ̀ sì wọ́n jù ú lọ. Widal kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Mo ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí pé nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, tí kíìtì áńtíbọ́dì ń jáde lóríṣiríṣi, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ láàbù wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka èsì áńtíbọ́dì: Widal rèé, HIV rèé, ti àrùn ẹ̀dọ̀ rèé. Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun tí àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí kọ́ wọn ta kora, kò sì sí èyí tó bá COVID-19 mu nínú wọn. Ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ará Ítálì kan bàlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Èkó lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2020. Lọ́jọ́ 27, láàbù LUTH ní Ìdí-Àràbà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé COVID-19 ló ń ṣe é, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn, tí gbogbo ará Yaba mọ̀ sí IDH. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, wọ́n ti Èkó pa. Àyẹ̀wò tó ṣe é gbára lé nígbà náà ni PCR, tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń ti igi òwú bọ imú àti ọ̀fun fún. Láàbù tó lè ṣe é kò tó nǹkan, èsì sì máa ń pẹ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, àwọn tó ti kó o nínú wọn lórílẹ̀-èdè yìí ti lé ní 800. Nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan bá gbé stírípù kan wá tó ní kí wọ́n gún ìka, kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí i, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ta ni kò ní gbà á?

Kì í ṣe àwa nìkan ló kó sí i. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, gbà lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún yẹn pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa ta àyẹ̀wò áńtíbọ́dì kí àjọ náà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n ti yí ohùn padà, torí pé ọjà ti kún fún èyí tí kò dára. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní tirẹ̀ ti sọ ọ́ láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin pé kí ẹnikẹ́ni má fi stírípù áńtíbọ́dì pinnu ìtọ́jú aláìsàn, pé inú iṣẹ́ ìwádìí ni kí wọ́n lò ó mọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dé Àbújá. Ó dé Alausa. Bó ṣe dé yàrá nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì alábẹ́dì mẹ́fà ní Ṣómólú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Kí wá ni stírípù náà ń sọ? Ẹ wo yíǹkì tí àwọn INEC máa ń fi sí wa ní èékánná lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ yín mọ̀ pé ẹ ti dé ibùdó ìdìbò. Kò lè fi mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà níbẹ̀ tàbí ẹ ti darí wálé, ẹni tó sì pàdé yín lójú ọ̀nà nígbà tí ẹ ń lọ kò ní rí yíǹkì kankan. Bí áńtíbọ́dì ṣe rí nìyẹn. Tí kòrónà bá wọ ara lónìí, ara kì í ṣe áńtíbọ́dì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. IgM àti IgG ni orúkọ àwọn méjì tí stírípù sábà máa ń wá, ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pọ̀ tó láti fara hàn. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ aláìsàn ti kọjá ìgbà tí wọ́n lè kó o ran ẹlòmíràn. Ìgbà tí wọ́n ń ràn án jù, ìyẹn ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ni stírípù yóò sọ pé kò sí nǹkan kan.

Àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí 54 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ohun tí wọ́n rí rèé: tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní àìsàn, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní COVID-19, bíi 30 péré ni àyẹ̀wò áńtíbọ́dì ń mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó di 72. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó di 91. Ẹni tó bá di ìṣirò yẹn mú kò ní fi stírípù áńtíbọ́dì tú aláìsàn sílẹ̀ láé.

Ẹ wá wo bó ṣe máa ń lọ. Awakọ̀ dánfó kan ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ara rẹ̀ ń gbóná, kò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́. Ó wá sí kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo stírípù: ìlà kan péré ló jáde, níwájú C, èyí tó kàn ń fi hàn pé stírípù ṣiṣẹ́. “Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀dá mi, nẹ́gétìfù ni.” Bọ̀dá dúpẹ́, ó sọ ìbòmú rẹ̀ sínú àpò, ó padà sí Ọ̀shòdì lọ gbé èrò. Nọ́ọ̀sì kò purọ́. Ohun tí stírípù sọ ló sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí bọ̀dá gbé wá ni pé “ṣé ó ń ṣe mí?” Ìbéèrè tí stírípù ń dáhùn ni “ṣé ó ti ṣe ọ́ rí, tó sì ti pẹ́ díẹ̀?”

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ HIV ti wọlé. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí òṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà kọ́ dunjú, kò sí èyí tó tó ti HIV. Stírípù tí wọ́n ń lò fún un, áńtíbọ́dì lòun náà ń wá jù. Àmọ́ HIV kì í kúrò lára. Ẹni tó bá ti ní áńtíbọ́dì rẹ̀ ní kòkòrò náà lára títí ayé, nítorí náà pọ́sítìfù túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀. Àyàfi ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù méjìdínlógún: áńtíbọ́dì ìyá rẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi PCR yẹ ọmọ wò. Ìyàtọ̀ yẹn hàn sí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àwọn aláboyún, wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ lójoojúmọ́. Àmọ́ nígbà tí kòrónà dé, ọ̀pọ̀ kò gbé òye yẹn wá sídìí stírípù tuntun. Wọ́n rí ìlà G, ìyẹn ti IgG, tó yọ lára aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá láti oṣù kan sẹ́yìn, wọ́n ní ó ní kòrónà, kó lọ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ̀kọ́ kejì tó tún da nǹkan rú ni ti àrùn ẹ̀dọ̀ Hepatitis B. Nọ́ọ̀sì tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ̀ pé tí áńtíbọ́dì òun bá ti tó 10 lórí òṣùwọ̀n láàbù, ó parí, àrùn náà kò lè mú òun. Òótọ́ ni, ó sì jẹ́ nǹkan tó ṣọ̀wọ́n nínú ìmọ̀ ìṣègùn pé nǹkan ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Fún COVID-19, kò sí irú iye bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí pé tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ ti bọ́. WHO sọ ọ́ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìjọba kan ń gbèrò láti fún ẹni tó bá ní áńtíbọ́dì ní ìwé àṣẹ láti máa rìn bó ṣe wù ú, pé kò tíì sí ẹ̀rí pé ẹni tó ní in kò ní kó àrùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà, wọ́n ní WHO ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Omicron yọjú. Àwọn tó ti kó kòrónà rí, tí áńtíbọ́dì wà lára wọn dáadáa, tún kó o.

(Àwọn dókítà kan lè máa rò pé nọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń bá wí. Rárá o. Ẹni tó bu ọwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n ṣe IgG fún òṣìṣẹ́ kó tó padà sí ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.)

Abẹ́rẹ́ AstraZeneca àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n sì kọ́kọ́ gún. Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn tún dé. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ a fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, a lọ ṣe àyẹ̀wò áńtíbọ́dì, a sì bá nẹ́gétìfù. Kíá, “omi ni wọ́n gún wa!” Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kòrónà ní oríṣiríṣi èròjà lára. Méjì ló ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni ẹ̀gún tó wà lóde ara rẹ̀, ìkejì wà nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń pè é ní N. Ẹ̀gún nìkan ni abẹ́rẹ́ AstraZeneca fi han ara, áńtíbọ́dì ẹ̀gún nìkan ni ara yóò sì ṣe. Àwọn àyẹ̀wò kan sì wà tó jẹ́ pé áńtíbọ́dì N nìkan ni wọ́n ń wá. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tí kò kó àrùn náà rí yóò jẹ́ nẹ́gétìfù lórí wọn, abẹ́rẹ́ sì ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, FDA kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àyẹ̀wò áńtíbọ́dì díwọ̀n bí abẹ́rẹ́ ṣe dáàbò bo òun tó. Àmọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera fúnra rẹ̀ bá ti lọ sọ nílé pé omi ni abẹ́rẹ́, ta ló fẹ́ kí ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ó ṣòro jù, tí wọn kì í sì í fi kọ́ni dáadáa nílé ìwé: stírípù kan náà lè jẹ́ òpùrọ́ lóṣù Kẹrin, kó di olóòótọ́ lóṣù Kẹwàá, láì jẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀. Ká ní èèyàn 1,000 ló wá ṣe àyẹ̀wò, tí 20 péré nínú wọn ti kó àrùn náà rí. Ká ní stírípù wa kò burú: nínú ọgọ́rùn-ún tó ti kó o, ó ń mú 90, nínú ọgọ́rùn-ún tí kò kó o rí, ó ń purọ́ mọ́ 5. Nínú 20 yẹn, yóò mú 18. Nínú 980 tó kù, yóò purọ́ mọ́ 49. Àpapọ̀ àwọn tí ìlà yọ fún jẹ́ 67, àwọn tó sì jẹ́ òótọ́ nínú wọn kò ju 18 lọ. Ju ìdajì lọ nínú wọn ni wọ́n máa lọ máa kéde káàkiri pé àwọn ti “gba àjẹsára”, nígbà tí kòrónà kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n rí.

Ẹ wá fi stírípù kan náà wò nígbà tí 230 nínú 1,000 ti kó o. Yóò mú 207 nínú wọn, yóò purọ́ mọ́ bíi 39 nínú àwọn yòókù. Ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tí ìlà yọ fún ni òótọ́.

Mi ò kàn fẹnu dá 230 yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2020, NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn lórílẹ̀-èdè yìí, àti NIMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yaba, lọ láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 10,000. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n rí áńtíbọ́dì kòrónà lára ìpín 23 nínú ọgọ́rùn-ún ní Èkó àti Enugu, 19 ní Nasarawa, 9 ní Gombe. Lópin oṣù Kẹwàá tí wọ́n ṣe é yẹn, iye àwọn tí ìjọba kà ní Èkó pé wọ́n ti kó àrùn náà kò ju bíi 21,000 lọ. Ìlú tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá, tí ẹ bá fi 23 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn tí PCR kò rí, áńtíbọ́dì rí wọn. Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti wúlò nìyẹn, wúlò gan-an pàápàá: láti ka ibi tí àrùn ti dé láàárín ìlú. Ó dùn mí pé ìròyìn yẹn kò pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn tó bó ṣe yẹ, nítorí òun ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera ní Èkó pé iṣẹ́ ìlú ni àyẹ̀wò áńtíbọ́dì lè ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ibà náà tún dá sí i. Àwọn onímọ̀ mú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti wà nínú fíríìjì kí COVID-19 tó dé ayé, wọ́n fi àyẹ̀wò áńtíbọ́dì kòrónà yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan nínú rẹ̀ jáde ní pọ́sítìfù, ó sì jọ pé áńtíbọ́dì ibà ló ń da àyẹ̀wò náà láàmú. Kíìtì tí wọ́n dánwò nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí ẹ̀fọn kì í ti í fún èèyàn ní ibà, lè má ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀. Ìdí rèé tí iṣẹ́ MLSCN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ láàbù, láti dán kíìtì wò nílé kó tó dé ọwọ́ àwọn èèyàn, kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Ohun mìíràn tún ń rú wọn lójú, kékeré ni, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni WHO ti fọwọ́ sí stírípù kan tó ń wá áńtíjìn, ìyẹn èròjà ara kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Èyí dára fún ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Ìrísí òun àti ti áńtíbọ́dì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ike funfun pẹlẹbẹ kan, ojú fèrèsé kékeré, ìlà pupa. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní “RDT”, ìyẹn àyẹ̀wò kíákíá. Tí ẹ bá ti rí i pé imú ni wọ́n ń ti igi òwú bọ̀, áńtíjìn nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìka ni wọ́n ń gún, áńtíbọ́dì ni, ti kòrónà ni mò ń sọ o, nítorí pé ti ibà tó ń gún ìka, áńtíjìn lòun ń wá, ó sì lè ṣì máa yọ ìlà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti lo òògùn tán. Ẹ rí i pé kò rọrùn.

Kí ló fà á tí àwọn tó kàwé ìṣègùn kò fi mọ èyí dájú? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ lọ́dún 2020 dá lórí bí wọ́n ṣe máa wọ aṣọ ìdáàbòbò àti bí wọ́n ṣe máa bọ́ ọ, bí wọ́n ṣe máa ti òwú bọ imú, bí wọ́n ṣe máa fọwọ́. Ó tọ̀nà, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Kíka èsì kò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ló pọ̀ jù l'Ékòó, ibẹ̀ sì ni ọ̀gzílíárì tó kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti ń ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì yẹ kó ṣe. Ẹni tó ṣàlàyé kíìtì fún wọn ni ẹni tó wá tà á, òun ò sì ní sọ pé ọ̀sẹ̀ kìíní kò ṣe é gbára lé. Ìwé pélébé inú páálí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí, inú pàǹtí ló ń lọ tààrà. Àwọn àgbà tí ì bá kọ́ wọn náà ń kó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, WHO kéde pé pàjáwìrì COVID-19 ti parí. Àṣà náà kò parí. Nígbà tí WHO tún kéde pàjáwìrì lórí mpox lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, PCR lára omi egbò ni àyẹ̀wò tó yẹ, áńtíbọ́dì nìkan kò sì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àrùn mìíràn á tún dé, kíìtì rẹ̀ á sì dé Ìdúmọ̀tà kí ìlànà rẹ̀ tó dé ilé ìwòsàn.

Mi ò rò pé ìpàdé ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì ló máa yanjú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ bá ń gbé iṣẹ́ lé ti àárọ̀ lọ́wọ́, kí onímọ̀ láàbù kan dúró síwájú wọn, kó mú kíìtì tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́, kó sọ ohun tó ń wá àti ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Kí HEFAMAA, tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò káàkiri Èkó, bèèrè ìyẹn bí wọ́n ṣe ń bèèrè ibi tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ sí. Kí ìwé èsì náà sì yí padà. Èyí tí mo ti rí ní láàbù àdúgbò ní àyè fún orúkọ, ọjọ́ orí, dókítà tó ní kí wọ́n ṣe é, àti iye tí wọ́n san. Kò sí àyè fún orúkọ kíìtì, kò sí fún ohun tí kíìtì ń wá, kò sì sí fún ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀.